Ta Ni Yóò Kó Iyanrìn Àárín Odò?

Ìkùukùu bo odò láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé atukọ̀ ò mọ ibi tí omi parí sí, kò mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àfi gbì! Ọkọ̀ gun iyanrìn. Àwọn èrò jókòó sínú funfun báláú bí ẹni ń lálàá, ni aboyún tó ń lọ sílé ìwòsàn òdìkejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Orí ló kó wọn yọ. Omi ru díẹ̀, ọkọ̀ léfòó, wọ́n gúnlẹ̀ kọ́mọ tó dé.

Nírọ̀lẹ́, atukọ̀ jókòó sétí odò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe ògbifọ̀ nílé ìgbìmọ̀ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè, wà nílé fún ìsinmi.

"Àbúrò, ṣé àwọn ọ̀gá yín ò rí iyanrìn yìí ni?"

"Wọ́n rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ní kí wọ́n kó o, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn kọ̀, ọ̀rọ̀ bá kú síbẹ̀. Òfin ni pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà."

"Ṣé odò yìí gba ọ̀dọ̀ wọn ni?"

"Kò tiẹ̀ débẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀ 'rárá' yẹn. Ó ṣì ń dún létí mi."

Àbúrò rẹ̀ wo ojú odò. Omi ń dán lọ rére bíi dígí.

"Àjọ fẹ́ tún òfin náà ṣe, kí ọ̀pọ̀ lè máa pinnu àwọn ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu aráàlú ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ lọ o."

"Àwọn èèyàn ń sọ pé àjọ fẹ́ gba agbára ilẹ̀ wa ni. Tó bá di ọjọ́ tí àwa nìkan kọ̀ ńkọ́?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ lọ bi wọ́n. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ bí olórí bá jókòó sílé, abẹ ò ní dúró dè é."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, atukọ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹlòmíì létí ara rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ odò, kí ọ̀pọ̀ pinnu. Ọ̀rọ̀ ogun àti owó orí, ẹ má ṣe é láìjẹ́ pé a gbà."

Oníbúrẹ́dì kan dìde: "Èmi ò fara mọ́ kí ọ̀pọ̀ máa pinnu ọ̀rọ̀ odò o!" Àwọn aṣojú àjọ gbọ́ tàwọn méjèèjì.

Kò tètè yá. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, kí wọ́n tó fẹnu kò pé ọ̀pọ̀ ni yóò máa pinnu ọ̀rọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akóyanrìn dé, atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó kàn ń wò ó, omi ń rọra gbé e lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àjọ bá fẹ́ tún òfin ṣe, ẹ má gbára lé àhesọ. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ á máa pinnu, àti èyí tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹ lọ sípàdé, ẹ fara mọ́ ọn o, ẹ kọ̀ ọ́ o, kẹ́ ẹ sáà sọ tẹnu yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.