Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná Kí A Tó Tan Án

Ẹ́ńjìnnì náà ti gbóná kí ó tó wọ ilé wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, torí ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ tó wà ní àtàrí rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá fi bárò tì í wọ inú ọgbà láàárọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Mo ní kó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, mo sì nawọ́ láti bá a dì í mú. Ńṣe ló dà bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni?" mo bi í, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka mi.

"Rárá, mà. Ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tí aláìsàn ń sùn sí. Ojú rẹ̀ kò burú, aṣọ rẹ̀ sì mọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ pupa kún ọ̀nà ilé wa dé ẹnu géètì, ṣùgbọ́n táyà bárò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá fún ọkọ mi, aláàánú mi ni, torí ọjọ́ tí kò bá ríṣẹ́ ṣe, èmi ló máa ń bá fa wàhálà.

Ọkọ mi jáde wá, gíláàsì ti dé ojú.

"Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Pọ́ǹpù?" àlejò náà bi í. "Wọ́n ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò lè jí dìde."

"Ẹ́ńjìnnì kì í kú," ọkọ mi dá a lóhùn. "Àwọn tó ń tún un ṣe ló máa ń rẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ lè tú gbogbo ara rẹ̀, sà. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má yọ. Bó bá ti dún, màá gbọ́, màá sì wá."

Kí n tó rántí bi í pé ibo ló ń gbé, ó ti ti bárò rẹ̀ jáde. Mo sáré dé ẹnu géètì. Ọ̀nà ilé wa gùn, ó sì tọ́, èèyàn máa ń rí ẹni tó ń lọ títí yóò fi kéré bí ọmọ ìka. Mi ò rí ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Pọ́ǹpù nìyẹn. Nígbà tí a kó wá sí abúlé, mo rò pé yóò sinmi. Ta ní jẹ́ sinmi! Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì. Lọ́sàn-án, rédíò. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì á dé, wọn á máa jiyàn òṣèlú lábẹ́ àtíbàbà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ fi jẹ mínísítà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé. Ìkejì jẹ́ bíríkìlà, Alátakò là ń pè é, torí bí o bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á ní kí o kọ́kọ́ wòye dáadáa. Bí mo bá sì pe ọkọ mi pé kó wá jẹun, á ní kí n jẹ́ kí gómìnà sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í sì í yí i padà. Yóò kọ́kọ́ mú sukudíráfà gígùn rẹ̀, yóò fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, yóò fi èèkù rẹ̀ ti egungun iwájú etí. "Ẹ jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀ ná," ló máa ń wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò yọ púlọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, yóò fi àtàńpàkò dí ojú ihò tó fi sílẹ̀, yóò sì fa okùn tí a fi ń tan án. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá ta àtàńpàkò náà dànù, á bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń mí," á wí. "Ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀."

Ti àlejò yìí, kò yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ni nǹkan ló lè pàṣẹ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó fi ẹnu sukudíráfà kàn án, ó fi èèkù rẹ̀ sétí. Mò ń sá aṣọ sórí okùn níwájú rẹ̀. Mo rí i tó dákẹ́, tó fara balẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a kò tan, kí ló ń gbọ́ níbẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn yòókù ń pariwo, ó rọra sọ̀rọ̀. "Alága ìjọba ìbílẹ̀ máa fipò sílẹ̀ lọ́la."

"Irọ́!" Alátakò fò sókè. "Ìyẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àga tuntun sí ọ́fíìsì?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, rédíò sọ ọ́. Tíṣà ṣí fìlà fún ọkọ mi. Alátakò ní rédíò náà lè máa purọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń borí iyàn. Ó mọ ẹni tí yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó mọ ẹni tí wọn yóò fà kalẹ̀. Mo bi í níkọ̀kọ̀, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ayọ̀ ọmọdé.

"Ohùn wa ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ti èmi, ti Tíṣà, ti Alátakò. Ọ̀rọ̀ tí a máa sọ lọ́la ni wọ́n ń sọ."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ìgbà wo ni mo ti borí Alátakò rí?"

Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ó pa gbogbo iṣẹ́ yòókù tì. Pọ́ǹpù aládùúgbò wa wà nílẹ̀ ní títú, ó fi í sílẹ̀ kí eruku máa kó sí i. Àtàárọ̀ ló ti ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì yẹn, orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sukudíráfà létí. Nígbà tí mo gbé tíì fún un, ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi. Ó tutù bí omi inú àmù. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó gbóná ju bó ṣe gbóná lánàá lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọwọ́ kan méjèèjì, ojoojúmọ́ ni ọ̀kan ń gbóná sí i, tí èkejì ń tutù sí i.

Lọ́jọ́ kan tó lọ wẹ̀, mo mú sukudíráfà náà. Mo fi í sí ibi tó máa ń fi í sí, mo fi èèkù rẹ̀ ti egungun etí mi. Ní àkọ́kọ́, ìró kan tó dà bí omi tó ń lọ nínú páìpù ni mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti ha.

"Baálé mi, ẹ gbà á. Mi ò tún ní mú un mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ẹkún ló tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ohùn èmi gan-an ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni mo mú? Kí ni mo ní kó gbà? Mi ò mú nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó yé mi ni pé mò ń pe ọkọ mi, kò sì dáhùn.

Nígbà tó jáde nílé ìwẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dá nǹkan onínǹkan padà. Ara yín ò yá."

"Kí n dá a padà láìṣe é? Kí wọ́n wá ní Ọ̀gá Pọ́ǹpù ti di arúgbó?" Ó fi ọwọ́ tútù rẹ̀ gbá mi léjìká. "Mo ti fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, mo ti pààrọ̀ okùn rẹ̀. Lọ́la ni màá tan án, lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀la! Mi ò sùn. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn kò bá dún, àlejò kò ní wá, ohun tí mo gbọ́ kò sì ní ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ti sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Ohun tí onínǹkan bá sì ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ìyàwó mẹkáníìkì ni mí, mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní púlọ́ọ̀gì, irin lásán ni. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nínú. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo mú sípánà, mo yọ ọ́. Kò le rárá, ńṣe ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ti tú u dè mí. Atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan jáde láti inú ihò náà, ó fẹ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo sáré wọlé, mo fi púlọ́ọ̀gì náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Lọ́sàn-án, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fọ aṣọ. Inú mi fẹ́ẹ̀ dùn. Mo ní á pariwo, á bínú, màá rọ́jú gbà á, gbogbo rẹ̀ á sì tán. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ta ló yọ púlọ́ọ̀gì yìí?"

Mò ń fọ aṣọ mi lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

"Ó dáa. Nígbà tó ti ṣí báyìí, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń mí."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni mo ti ń rí àtàńpàkò yẹn lójú ihò yẹn, n kò sì rántí! Mo ké, "Baálé mi, ẹ má fà á!" mo sì sáré, ọṣẹ lọ́wọ́, ilẹ̀ ń yọ̀ mí. Mo gbọ́ okùn tó lọ, fààà. Ẹ́ńjìnnì náà sì dún. Láìsí púlọ́ọ̀gì, ó dún, ó dùn gbọ́ létí, ó sáré fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ọkọ mi jókòó lórí àga rẹ̀. Àtàńpàkò rẹ̀ wà lójú ihò, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ojú rẹ̀ là. Ìyàlẹ́nu díẹ̀ wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá borí rẹ̀ nínú iyàn. Mo mì í. Mo sáré wọ yàrá, mo tú àpótí, mo mú púlọ́ọ̀gì náà wá, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Baálé mi, ẹ gbà á," mo wí. "Mi ò tún ní mú un mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ọ̀rọ̀ ti jáde tán lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ kúkú ti tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà sunkún. Alátakò mi orí, ó ní bí dókítà ṣe wí náà ló rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i tó gbà fún ẹnì kan nìyẹn, ara mi sì bù máṣọ.

Wọ́n sin ín. Ọmọbìnrin wa ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nílùú ńlá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ọwọ́ yín tutù báyìí?" Mo ní omi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn. Mi ò lè bá a lọ. Ta ni màá fi ọkọ mi sílẹ̀ fún? Mo ti dá púlọ́ọ̀gì padà sáyè rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo gbé sukudíráfà sí etí, mo sì gbọ́ ọ. Ó ń jiyàn! Ó ń bú ìjọba, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí n jẹ́ kí gómìnà sọ̀rọ̀ tán. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí lójoojúmọ́.

Lánàá, kò jiyàn. Ìró bárò ni mo gbọ́. Ohùn kan tó rọlẹ̀ sọ pé, "Ó ti dún, mà. Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ni ohùn tèmi wá, kò sí ẹkún nínú rẹ̀. Ayọ̀ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí mi ò ní mọ́ láti ìgbà èwe mi.

"Ẹ ṣeun," ohùn mi wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti géètì, mo sì fi àgádágodo kọ́ ọ. Mo ronú títí: kí ni ọkùnrin yẹn lè ṣe fún mi tí màá fi dúpẹ́ báyẹn?

Òjò rọ̀ mọ́jú òní. Mo wà lójú fèrèsé báyìí. Ọkùnrin náà dúró ní ẹnu géètì, kò kan ìlẹ̀kùn, kò pe ẹnikẹ́ni. Táyà bárò rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú ẹrẹ̀ pupa. Ó gbé nǹkan kan wá nínú rẹ̀, ó gùn tó èèyàn, ó fi aṣọ funfun bò ó. Aṣọ náà ń gbéra sókè, ó ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sùn.

Mo bojú wo ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ géètì ti wà níbẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo mú un.