Ínṣì Méje Lẹ́nu Gọ́tà

Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, òjò àárọ̀ ṣì ń rọ̀ ní Mushin nígbà tí Ṣàfíù káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu gọ́tà àdúgbò wọn, níbi tí omi ti ń já sínú kòtò ńlá. Ó ti rúlà bọ omi náà.

"Ínṣì méje péré," ló wí. "Páìpù oníínṣì mẹ́sàn-án mi tó wà nílẹ̀ yìí á gbé e, àyè á tún ṣẹ́ kù. Tí òjò bá ti dá, mo máa rì í mọ́lẹ̀, kí n bo gọ́tà yìí, kí n na ṣọ́ọ̀bù mi sórí ẹ̀."

Ara Àmúdàtù, aládùúgbò rẹ̀ tó dúró tì í, kò balẹ̀. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí gọ́tà náà lápá òkè.

"Bọ̀dá Ṣàfíù, ìyá mi ò lè dìde fúnra wọn. Lọ́dún tó kọjá tí ìdọ̀tí dí ibí yìí, orí ẹní lomi bá wọn. Kí n tó ti Ọ̀yìngbò dé, ó ti dé àyà wọn."

"Ìyẹn ìdọ̀tí. Páìpù lèmi fẹ́ rì."

Àmúdàtù kò bá a jiyàn. Ó lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé, ará ilé kejì, tó ń bá ìjọba wọn omi gọ́tà.

"Ṣàfíù, níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"

"Ibi tó ti ń já, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ló rọrùn."

"Sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí o tún un wọ̀n."

Ó wọ̀n ọ́n. Ínṣì mẹ́wàá. Ó padà sẹ́nu gọ́tà: méje. Ó tún padà sẹ́yìn: mẹ́wàá.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń purọ́ nínú èmi àti rúlà yìí?"

"Rúlà ò purọ́. Bí omi bá fẹ́ já, eré ẹ̀ á pọ̀ sí i, á wá fẹ́lẹ́. Nínú gọ́tà tó tẹ́jú báyìí, tó bá jẹ́ méje lẹ́nu, bíi mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn. Ohun tá a fi ń mọ iye omi tó ń kọjá nìyẹn. Gọ́tà yìí sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kí o tó pe orúkọ ara ẹ tán, garawa kẹrosíìnì mẹ́tàlá ti já síbẹ̀."

"Mẹ́tàlá?"

"Páìpù ẹ ò lè gbé ju mẹ́ta lọ. Yàrá ta ni kí mẹ́wàá tó kù gbà lọ?"

Ṣàfíù fa rúlà rẹ̀ jáde nínú omi. Ohùn ìyá Àmúdàtù ti ojú fèrèsé yàrá wọn wá.

"Àmúdàtù, ṣé wọ́n ti dí i ni?"

Ṣàfíù ló dáhùn. "Rárá, ìyá. A ò ní dí i." Ó gbé páìpù rẹ̀ lé èjìká, ó gbé e padà sílé.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ má wo omi níbi tó ti ń já kí ẹ sọ pé kò pọ̀. Eré ló mú un fẹ́lẹ́. Ẹ má fi páìpù tó há rọ́pò gọ́tà tó fẹ̀, ẹ má sì da ìdọ̀tí sẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bo gọ́tà, ẹ pe ẹni tó mọ omi wọ̀n wá lọ́jọ́ òjò. Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń gbé lápá òkè léèrè, nítorí inú yàrá tirẹ̀ ni àṣìṣe yín yóò wọ̀ sí.