Ẹ̀kọ́ Bíbalẹ̀

"Ẹ balẹ̀ bí ológbò! Mi ò fẹ́ gbọ́ gbì!"

Kóòṣì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ilé-ìwé wọn ń fò láti orí àpótí pákó, wọ́n ń balẹ̀, wọ́n sì ń dúró gbọn-in. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kẹ́yìn. Òun ló ga jù nínú wọn, gíga yìí ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n bó bá ti balẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Orúnkún!" ni kóòṣì wí. "Ibi tí ìka ẹsẹ̀ bá dojú kọ ni kí orúnkún dojú kọ. Títí yóò fi mọ́ ẹ lára, o ò gbọdọ̀ gun àpótí gíga."

Inú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò dùn rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n yan àwọn tí yóò lọ sí ìdíje, àpótí gíga sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fò. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí kóòṣì ní kí gbogbo wọn fi sinmi, Ìjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà, mú un lọ sídìí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kíláàsì.

"Fò sílẹ̀ láti orí ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún," ni Ìjì wí. "Wàá rí i bí ẹsẹ̀ ẹ á ṣe le."

"Ṣebí kóòṣì ní…"

"Kóòṣì dà níbí?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá gùn ún. Ó fò ó, ó tún un fò. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹtàdínlógójì, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Orúnkún òsì yẹ̀ sínú, ó dún "kà!", ọmọ sì na gbalaja sílẹ̀.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," ni Ìjì ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbé e dìde.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa á mọ́ra fọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, bí wọ́n ṣe ń sáré yípo láàárín àwọn ike pupa tí kóòṣì tò sílẹ̀, fèrè dún.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún tó wú náà jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ẹnu lè purọ́, orúnkún ò mọ irọ́ pa."

Ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Dókítà ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nǹkan kan ò já, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fò fún oṣù méjì. Bí ìdíje ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà bínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta.

Àmọ́ nígbà tí Sátidé dé, ta ló kan ilẹ̀kùn? Kóòṣì ni, ó gbé ẹní sábíyá.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Mo wá kọ́ ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń balẹ̀."

Ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ ló ń gbé sílẹ̀. Bó ṣe ń wá ní gbogbo Sátidé nìyẹn, omi tútù nìkan ló sì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìdúró lẹ́sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bọ́ sórí jíjókòó àti dídìde lórí àga. Ìjì náà wá tọrọ àforíjì, ó sì di ẹni tó ń bá wọn ka iye ìgbà tí wọ́n ṣe é. Kò pẹ́ tí ìbínú bàbá fi rọ̀. Nígbà tí oṣù méjì pé, ó kan àpótí kékeré kan tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ fún un láti máa fò, a sì máa jágbe láti inú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́: "Orúnkún o!" Wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdíje tó tẹ̀ lé e dé, ìṣẹ́jú kan ló kù kí eré parí, ẹgbẹ́ méjèèjì sì wà ní ọ̀mì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fò sókè láàárín ọmọbìnrin méjì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, ó já bọ́ọ̀lù gbà. Wọ́n kọ lù ú lófuurufú, ṣùgbọ́n ó balẹ̀, orúnkún ò mì. Ó ju bọ́ọ̀lù sí Ìjì, Ìjì sì sọ ọ́ sáwọ̀n.

Fèrè ìparí dún, wọ́n ti borí. Kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó bá wọn jó, ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú kóòṣì.

"Ẹ ṣeun, mà. Bí kì í bá ṣe tiyín, ibi ìjókòó òǹwòran ni ǹ bá wà lónìí."

Kóòṣì fà á dìde. "Bàbá ẹ ńkọ́? Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó yíjú, ó rí bàbá rẹ̀ láàárín èrò tó ń nu ojú. Ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ní ká ṣe sùúrù kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹni tó bá fẹ́ fò ga, kó kọ́kọ́ gbọ́ràn sí ẹni tó ń kọ́ ọ láti balẹ̀. Bó bá sì ṣubú, kó sọ òótọ́, kó má sì gbàgbé oore àwọn tó gbé e dìde.