Ìyẹ̀fun Ẹja Tí Mo Sè Lórí Iná

Èkọ ni mò ń sè tà ní Sakété, èmi Munirat. Mo tún ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì, àwọn pupa wẹ́wẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onigbolo máa ń rà sí yàrá àlejò wọn.

Ọ̀rẹ́ mi Sylvie, tó ń ta oúnjẹ ẹja ní ọjà Pobè, ló ta ìyẹ̀fun kan fún mi. Ó ní purobiotíìkì ni wọ́n ń pè é.

"Kòkòrò rere tí ojú kò lè rí ló wà nínú ẹ̀," ó ní. "Á ran ìfun ẹja lọ́wọ́, kí oúnjẹ lè ṣe é lóore, kó sì dàgbà dáadáa. Ka ìwé ara ẹ̀ o!"

Mo ní, "Dakọ́ọ̀, mo ti gbọ́." N kò ka nǹkan kan. Èmi tí mò ń fi ìkòkò jẹun, ta ni yóò kọ́ mi ní oúnjẹ sísè?

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí ìkẹsàn-án kú, mo gun ọ̀kadà, ó di Pobè. Ọjà kún. Mo dúró níwájú ìsọ̀ Sylvie, mo figbe ta.

"Ẹ wá wo ayédèrú o! Obìnrin yìí ló pa ẹja mi!"

Obìnrin kan tó ti gbé àpò oúnjẹ ẹja dání rọra gbé e padà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn nígbà náà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, Sylvie bẹ Martial kó wá wò mí. Martial ló ń kọ́ àwọn olùsìn ẹja níṣẹ́ ní Issaba. Ó wo ìyẹ̀fun tó kù lọ́wọ́ mi, ó yí ike rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ojúlówó ni, ọjọ́ ẹ̀ kò sì tíì kọjá. Tantí, báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

Mo fi ìgbéraga dáhùn pé, "Mo ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo àti edé, mo sì ń sè é kó hó dáadáa, bí èkọ. Ta ló ń fún ohun tó fẹ́ràn ní oúnjẹ tí kò jinná?"

Martial gbé ike náà sílẹ̀. "Tantí, ẹ má bínú. Ààyè ni àwọn kòkòrò yẹn. Ẹ ti sè wọ́n pa."

"Kí ló wá pa ẹja?"

"Èkọ yín ń yọ́ sínú omi, ó ń bàjẹ́ síbẹ̀. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn?"

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Kì í ṣe ẹja ni mò ń rò mọ́, Sylvie ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, níkọ̀kọ̀. Àmọ́ inú ọjà ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Nígbà tí ọjà tún pé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mo sì pariwo bíi ti ọjọ́sí.

"Ẹ gbọ́ o! Ojúlówó ni Sylvie ń tà! Èmi ni mo sè é! Èmi ni mo pa ẹja mi!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sylvie kò rẹ́rìn-ín.

"Munirat, dìde. Mo ti gbọ́." Ó na ike ìyẹ̀fun mìíràn sí mi. "Kà á sókè."

Mo kà á láti òkè délẹ̀, gbogbo ọjà ń gbọ́.

Ẹ̀yin olùsìn ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má fi iná kan ìyẹ̀fun yìí, ẹ má sì pò ó mọ́ omi gbígbóná. Inú oúnjẹ tó ti tutù ni kí ẹ pò ó sí, níwọ̀n tí ìwé ara rẹ̀ sọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tí oòrùn kò dé. Ẹ má fún ẹja ní oúnjẹ tó máa ṣẹ́kù sínú omi, ẹ sì máa pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú omi wọn. Tí ẹja bá ń ṣàìsàn, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́, torí ìyẹ̀fun yìí kì í ṣe oògùn.

Kí ẹ sì tó pe ọjà ẹlòmíì ní ayédèrú, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí ẹ ṣe lò ó. Sylvie ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé àpò sílẹ̀ lọ́jọ́sí, kò tíì padà sí ìsọ̀ Sylvie títí dòní.