Ohùn Bùràímọ̀ Nínú Dúrọ́ọ̀mù

Omi kànga ilé wọn ní Òkè-Àfà ṣàdédé di oníyọ̀ lẹ́nu Bàṣírátù. Ẹnu tirẹ̀ nìkan ni o. Ìyá Gàfárù, àgbà ilé, bù ú mu, ó ní omi ò ṣe nǹkan kan. "Oyún inú ẹ ló ń bá ẹ ṣeré," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bàṣírátù ò lè rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí Bùràímọ̀, ọkọ rẹ̀, ti fi ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀ sílẹ̀, tó lọ bá àwọn òyìnbó tó ń wá epo lójú òkun, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọdún tí ìjọba fi owó Údọ́jì kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni, gbogbo ayé ló ń sáré owó.

Nígbà tí Bùràímọ̀ wálé kẹ́yìn, kò jẹun dáadáa. Ó ní irú àbùùbùtán kan wà tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, tí kì í ṣeré lójú omi. Èémí kan ṣoṣo ló máa fà, á rì lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, á máa wá oúnjẹ nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ariwo ni kò fẹ́. Tí wọ́n bá ti yin àdó olóró sínú omi láti fi wá epo, jìnnìjìnnì á bò ó, á sáré gòkè ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà létí rẹ̀.

"Ọ̀kan kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọmọ ẹ̀ ń yí i po. Ó ń dúró kí ìyá ẹ̀ mí."

"Ẹ má padà síbẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Tí oṣù yìí bá ti parí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí omi di oníyọ̀ yìí, Bàṣírátù ń to aṣọ ọmọ sínú àpótí ló gbọ́ tí nǹkan mí nínú dúrọ́ọ̀mù omi. Èémí gígùn ni, bíi ti àgbàlagbà tó ti rẹ̀. Ohùn ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e: "Bàṣírá."

Ó ti la ẹnu nígbà tí Ìyá Gàfárù já wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má jẹ́ ẹ o! Ṣé o rí ẹni tó ń pè ẹ́ ni?"

"Bàṣírá." Ohùn náà ti jìnnà díẹ̀.

Omijé Bàṣírátù ń dà sórí ọwọ́ màmá náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ Bàṣírátù láti kékeré nìyẹn: ẹni tó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, á bá olúpè lọ. Ó rántí oyún inú rẹ̀, ó panu mọ́. Ìpè kẹta ò ju kíkùn lásán lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Lópin ọ̀sẹ̀, Felix, tí òun àti Bùràímọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, gbé báàgì rẹ̀ wá. Kò lè jókòó.

"Àǹtí, àdó ló jù ú sómi. A wá a tì. Ó lé ní wákàtí kan kí ọ̀kan nínú àwọn àbùùbùtán yẹn tó yọ, tó gbé e sẹ́yìn. Ojú Bùràímọ̀ là sílẹ̀. A ju okùn sí i, kò mú un. Ó ní òkùnkùn ìsàlẹ̀ ṣì wà lójú òun, òun ò mọ apá ibi tílé wà. Ó ní ẹ̀yin lòun máa pè, pé ohùn yín lòun máa tẹ̀ lé wálé."

Ìyá Gàfárù ká ọwọ́ lérí.

"Ẹranko yẹn dúró," ni Felix wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, ó dúró dè yín. Lẹ́yìn ìpè kẹta ló mí, ló gbé e rì."

Bàṣírátù dìde pẹ̀lú oyún rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

"Apá ibo lòkun wà?"

Felix nawọ́ sí i. Bàṣírátù kọjú síbẹ̀.

"Ẹ́ẹ̀n," ó dáhùn. "Ẹ́ẹ̀n, ìhín ni mo wà o." Ó sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi há.