Awakọ̀ Inú Fíìmù Tó Di Ọ̀gá

"Kí fíìmù yìí tó parí, kó ẹrù rẹ jáde nílé mi."

Bí ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tiẹ̀ wojú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin náà ń tú àṣírí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún oníbúrẹ́dì òdìkejì títì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ajíṣafẹ́ ni, àbúrò ọkọ, tó ń bá wọn gbélé, tó sì ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ìyàwó ń ká aṣọ sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Fíìmù mafíà ni ọkọ àti Ajíṣafẹ́ ń wò ní pálọ̀. Awakọ̀ kan tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ nìkan ló ń ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣàdédé jókòó sórí àga ọ̀gá, tí gbogbo jàǹdùkú wá ń tẹrí ba fún un.

Ọkọ pòṣé. "Irọ́ gbuu. Awakọ̀ lásánlàsàn?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ajíṣafẹ́ wọra.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n wò ni. Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ kan ló fi ṣe é? Ìyàwó ọ̀gá ni awakọ̀ yẹn kọ́kọ́ dọ́gbọ́n lé jáde. Ó sọ díẹ̀ sí ọ̀gá létí lónìí, ó sọ díẹ̀ lọ́la, títí ọ̀gá ò fi jẹ oúnjẹ obìnrin náà mọ́. Tíyàwó bá lọ, ta ló kù tí ọ̀gá máa fọkàn tán? Gbogbo ilé ti bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀ nìyẹn. Ó ṣeé gbà gbọ́ dáadáa."

Òmùgọ̀ tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ìyàwó dáwọ́ dúró. "Ajíṣafẹ́, ọ̀gá inú fíìmù yìí ò níyàwó."

Ọkọ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ta lò ń sọ?"

"Ó... ó lè jẹ́ fíìmù mìíràn ni mò ń rò."

"Ṣé o fojú ara rẹ rí ìyàwó mi lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ajíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù ò mọ ọkọ̀ wà. Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá, kó o sì jáde. Ọ̀dàlẹ̀!"

Bó ṣe jáde tán, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í, ó sì yẹ kójú tì í.

"Lójú ìyá yín àti ìyá mi lẹ ti pè mí lọ́dàlẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ pè wọ́n báyìí. Kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé gbogbo ọdún tí mo ti ń sìn yín ò tó ẹ̀rí, fíìmù ló gbà mí lọ́wọ́ yín."

Ọkọ mú fóònù. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè.