Alákàsà fún Ẹni Tó Fẹ́ Gba Ọkọ Rẹ̀

"Fọwọ́ ẹ kúrò lórí àwo yẹn, akólòlò! Ta ló ní kó o fọwọ́ kan àwo àlejò?"

Eyínmẹ́nugún ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ó ti fi síbí onígi gbá ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ìyàwó fọwọ́ pa ibi tó ń ta á. Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun bó ṣe máa ń há.

"Mo... mo... mo kàn fẹ́ n-nù ún ni."

"Mo-mo-mo!" Obìnrin náà sín in jẹ, ó ń la ẹnu ó ń pa á dé bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. "Títí wàá fi sọ̀rọ̀ kan tán, àlejò á ti jẹun, á ti sùn, á ti jí! Irú ìyà wo ni àbúrò mi lọ rà sílé yìí?"

Eyínmẹ́nugún kọ́ ni orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́. Ìyàwó yìí ló fi pè é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, torí pé ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, eyín obìnrin náà sì funfun lóòótọ́. Kò mọ̀ pé eyín funfun náà ni yóò fi máa bu òun jẹ lẹ́yìn ọ̀la. Dálémosú ni. Ìjà ló lé e kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, ó wá ní òun kàn yà kí àbúrò òun ni. Ó kí wọn títí tó fi gba yàrá tó dára jù, ó kí wọn títí tó fi gba kọ́kọ́rọ́ àpótí oúnjẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkà èèyàn burú! Ká ní ìyàwó yìí mọ ẹni tí òun ń dáná fún lọ́jọ́ náà, gọ́tà ni ì bá da gbogbo rẹ̀ sí.

Ọkọ rẹ̀ ló ń ra oúnjẹ fún òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé nílé ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó gbé páálí kan wálé, ìrù alákàsà, edé ńlá inú òkun, ló kún inú rẹ̀, wọ́n ti dì gbagidi bí òkúta.

"Màdáámú tó ni òtẹ́ẹ̀lì wa ń bọ̀ wá jẹun níbí lọ́jọ́ Sátidé," ló wí. "Bí oúnjẹ bá dùn mọ́ ọn, mo di máníjà nìyẹn. Àmọ́ gbọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbàlejò. Ìwọ, kíṣìnnì ni kó o wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, alásè ni ọ́."

"A-alásè?" Ìyàwó tẹjú mọ́ ọn. "Nínú ilé tí b-bàbá mi kọ́ sílẹ̀ fún mi?"

"Ilé bàbá ẹ! Ṣé ilé ló máa bá Màdáámú sọ̀rọ̀? Ahọ́n ẹ ti há bíi kọ́kọ́rọ́ tó dípẹtà! Bó o bá la ẹnu níwájú àwọn èèyàn ńlá, ṣebí ẹ̀rín ni wọ́n máa fi mí rín? Tàbí o ò fẹ́ kí n ga?"

Ó fẹ́ kó ga. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ ló ti ń fẹ́ kó ga. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bó ṣe ti ń gbé àwọn yòókù mì. Nígbà tí wọ́n já fọ́tò ìgbéyàwó wọn kúrò lára ògiri pálọ̀, tí ọkọ ní wọ́n fẹ́ kun ògiri, ó gba èyí náà gbọ́. Sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìkà ènìyàn kì í sì í mọ sùúrù yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀.

Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń há, ọwọ́ rẹ̀ kì í há. Ó ti rẹ ìrù alákàsà náà sínú omi tútù títí wọ́n fi yọ́. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ẹ̀yìn èèpo líle náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò là á sí méjì, ó rọra gbé ẹran funfun inú rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí èèpo bí ọmọ tuntun lórí ìrọ̀rí. Ó fa ìfun dúdú kúrò lára wọn. Ó yọ́ bọ́tà, ó gún ayù sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó wọ́n ata gbígbẹ díẹ̀. Nígbà tó kó wọn sínú ààrò gáàsì, kò kúrò níwájú rẹ̀, torí pé bí alákàsà bá fi díẹ̀ pẹ́ nínú iná, rọ́bà bàtà ló ń dà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Ìgbà náà ni àwọn àlejò wọlé: Màdáámú tó jẹ́ opó olówó, àti àbúrò bàbá rẹ̀, bàbá arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà. Ìyàwó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn náà ń ṣàn bí oyin. Ó ti pẹ́ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti dé etí tirẹ̀.

Kò pẹ́, ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí.

"Màdáámú, ẹ má wọbẹ̀, ooru wà níbẹ̀!" Ọkọ ló ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Inú ooru kíṣìnnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì mi," ni Màdáámú dá a lóhùn. Bàbá arúgbó náà sì ní kí ọkùnrin náà jókòó, òun ní ìbéèrè tí òun fẹ́ bi í.

Màdáámú wọlé, ó fa òórùn náà símú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ yín ní èyí? Ọ̀gá yín sọ fún mi pé oúnjẹ tí ìyàwó òun fẹ́ràn láti máa sè nìyí kó tó kú."

Aṣọ tí ìyàwó fi di àwo gbígbóná mú já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kó tó... kó tó ṣe kí ni, mà?"

"Kó tó kú. Ẹ ò bá a láyé ni? Ọkùnrin yẹn ṣì ń sunkún rẹ̀. Ó ṣe mí láàánú gan-an kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ. Bàbá mi tó wà ní pálọ̀ yẹn ló wá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, ká lè mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí. Ó wò ó, ó tún un wò, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó di etí tábìlì mú. Ọkọ rẹ̀ ti sin ín, ó sì tún ní kó wá se àsè ìgbéyàwó lórí sàréè ara rẹ̀! Ẹ gbọ́ ná, ṣé Ọlọ́run kọ́ ló dá irú ọkùnrin yìí ni?

"Ẹ... ẹ lọ jókòó, mà," ló wí. "Mò ń g-gbé e bọ̀."

Eyínmẹ́nugún ló yẹ kó gbé oúnjẹ lọ sí pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó ò dúró dè é. Ó to ìrù alákàsà náà sínú àwo gbọọrọ, pupa ń dán lẹ́yìn, funfun ń tàn nínú, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó ló ń sọ̀rọ̀.

"Àìsàn wo ló pa á?"

"Ibà ni, bàbá." Ọkọ fa imú. "Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó ní kí n má dá gbé, ó ní kí n wá obìnrin rere fẹ́. Bí mo bá purọ́, kí n má fojú kan ọmọ mi kan ṣoṣo mọ́!"

"Èmi fúnra mi ni mo wẹ òkú rẹ̀," ni Eyínmẹ́nugún fi kún un, ó ń fi aṣọ ìnujú tẹ ojú tí kò sí omi níbẹ̀. "Ó rẹwà nínú pósí bí ẹni tó sùn. Áà, ìyàwó mi dáadáa! Irú rẹ̀ ò sí mọ́."

Ìyàwó bá jáde. Ó rọra gbé àwo náà kalẹ̀ láàárín tábìlì.

"Ẹ ṣé o, Eyínmẹ́nugún," ló wí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ w-wẹ̀ mí. Àmọ́ omi yẹn t-t-tutù jù."

Eyínmẹ́nugún ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Wèrè ni! Ẹ má dá a lóhùn, Màdáámú, alásè wa yìí, orí rẹ̀ ò pé! Olórí burúkú, padà sí kíṣìnnì!"

"Èmi... èmi... èmi ni..."

"Èmi-èmi-èmi! Ẹ ò rí i pé kò lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn?"

"Ìwọ obìnrin yìí, pa ẹnu ẹ dé!" Bàbá arúgbó na ọwọ́ sí i. "Ẹ jẹ́ kó parí. Ọmọ mi, mi ò kánjú. Sọ ọ́ bó ṣe wù ọ́."

Ìyàwó kólòlò, ó dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó gba àkókò, àmọ́ ó sọ ọ́ tán: "Èmi ni ìyàwó tó k-kú yẹn. Èmi ni mo b-bí ọmọ tó ń fi búra."

"Irọ́ ni!" Ọkọ ti dìde, òógùn ti bò ó. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí ju kíṣìnnì lọ! Wọlé! Mo ní wọlé! Jẹ́ kí àlejò yìí lọ tán, bí mi ò bá kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní, kì í ṣe bàbá mi ló bí mi!"

Bàbá arúgbó rọra gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ló wí. "Alásè, lílé là ń lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó là ń kọ̀ sílẹ̀. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ ṣe, ọ̀gbẹ́ni?"

Ẹnu ọkùnrin náà là, ọ̀rọ̀ ò jáde. Òun tó ń fi akólòlò ṣe yẹ̀yẹ́, ahọ́n tirẹ̀ náà há!

Màdáámú dìde. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Mo rí páálí kan ní kíṣìnnì. Àmì òtẹ́ẹ̀lì mi ló wà lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń bá ara mi jiyàn pé bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Alákàsà mi lo fi ń fẹ́ mi! Ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín òtẹ́ẹ̀lì wa, níbi tí ẹrù ti ń sọnù, ńkọ́? Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún pé òun ò jalè. Ìwọ lo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó o ní, 'Ẹ lé e, Màdáámú, olè ò ṣe é tọ́jú.' Mo sì lé e!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi!" Ọkọ nawọ́ sí Eyínmẹ́nugún. "Òun ló ní obìnrin olówó ló yẹ mí! Òun ló ní ká sọ pé ó ti kú!"

"Èmi? Àrá sán ẹnu ẹ! Ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ lólè jíjà?"

"Ta ló ń jẹ ẹran tí mò ń kó wálé? Dálémosú olójúkòkòrò!"

"Olè! Olè afiyàwó-ṣòkú!"

Wọ́n ń bú ara wọn níwájú àlejò bí ajá méjì tó rí eegun kan. Ìyàwó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí i gbayawu.

"Ilé bàbá mi nìyí. Ẹ j-jáde."

Ìgbà tí ọkùnrin náà dé ìta ló tó rántí pé òun ní ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pè é ní ìfẹ́ mi, adé orí mi. Ohùn oyin náà ti padà dé. Obìnrin náà sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣebí o ti s-sin mí," ló wí. "Òkú kì í ṣílẹ̀kùn."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Màdáámú bá dì í mọ́ra. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún nítorí ọkùnrin kan náà tí kò tó nǹkan kan. Bàbá arúgbó wò wọ́n, ó wo tábìlì, ó fa ìrù alákàsà kan sọ́dọ̀.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Ọkùnrin yẹn ló ṣẹ̀, alákàsà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tiwa sì ni."

Ọlọ́pàá mú ọkọ náà nítorí ẹrù òtẹ́ẹ̀lì tó ń jí, ó sì wẹ̀wọ̀n. Wọ́n lọ bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá yìnyín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, Màdáámú sì kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi ọmọbìnrin wọn bóyá ó fẹ́ lọ wo bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó ní òun ò lọ. Ẹni tó fi ọmọ búra irọ́, ẹ̀bi ta ni? Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n ní ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní ibùdókọ̀, àwọn ọmọ ìta sì sọ ọ́ ní Ọkọ Òkú. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á yíjú padà láti bú wọn, ẹrù rẹ̀ á sì dà sílẹ̀.

Eyínmẹ́nugún sáré padà sílé ọkọ tirẹ̀. Obìnrin mìíràn ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ilé ìbátan kan ló fàbọ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń fọ àwo tí kò jẹun nínú rẹ̀, bó bá sì ń lọ́ra lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó ilé náà á fi síbí gbá a lọ́rùn ọwọ́. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Èmi ò ṣàánú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí oòrùn ń mú, ìyàwó ní kí Màdáámú, bàbá arúgbó àti ọmọ òun wá jẹun. Pálọ̀ ló jókòó sí, orí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ń sọ ìtàn kan nípa bàbá rẹ̀ fún wọn, ìtàn tó gùn, tó pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín kó tó dé ìdí rẹ̀. Ó kólòlò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kólòlò láàárín, ó há pátápátá nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n dúró dè é, wọ́n gbé síbí wọn sílẹ̀, títí tó fi sọ ọ́ tán.